Àrùn kì í dá tírélà dúró: bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe lè wádìí ibi tí ọjà ti há nígbà àjàkálẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà òfin kónílé-ó-gbélé, ẹyin kún ọ̀dọ̀ àwọn aládìyẹ nílẹ̀ Nàìjíríà débi pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ilé ìwé ti tì, hòtẹ́ẹ̀lì ti tì, àwọn tó ń din ẹyin sí búrẹ́dì lẹ́bàá títì ti wọlé lọ. Lóṣù kan náà, àwọn ará ìlú ń ké pé oúnjẹ ti wọ́n kọjá agbára àwọn. Ìròyìn ìjọba tó bá kó ohun méjèèjì yìí pọ̀, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "àjàkálẹ̀ àrùn ló fa ọ̀wọ́n gógó", kò tíì wádìí nǹkan kan. Àrùn kì í dá tírélà dúró. Ẹnì kan ló ń dá a dúró, tàbí òfin kan, tàbí owó tí kò délẹ̀, tàbí ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní òun kò tà mọ́. Iṣẹ́ ẹni tí wọ́n rán níwàádìí ni kó wá ọwọ́ yẹn kàn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò ìṣúná àti ìṣirò ní ìpínlẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí fún. Àpẹẹrẹ mi máa pọ̀ láti ìgbà kòrónà ní Nàìjíríà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ṣì wà lákọsílẹ̀ tí a lè padà sí.

1. Ẹ mú ọjà díẹ̀

Ohun tó máa ń ba irú ìwádìí yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n fẹ́ ka gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ. Ẹ má dán an wò. Ọjà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹ mú ọ̀kan tó máa ń tètè bàjẹ́, bíi tòmátì. Ẹ mú ọ̀kan tí èèyàn lè kó pa mọ́, bíi gàrí tàbí ìrẹsì. Ẹ mú oògùn kan tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń wá, kí ẹ sì mú ohun kan tí ilé ìwòsàn kò lè ṣe aláìní lójúmọ́, bíi ọ́síjìn. Ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́rin yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ibi tí ọ̀kan ti há kì í sábà jẹ́ ibi tí èkejì ti há.

Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìgbìmọ̀ méjì nílé aṣòfin ní kí U.S. International Trade Commission, ìyẹn àjọ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ òwò òkèèrè fún ìjọba wọn, lọ wo ọ̀nà tí àwọn ọjà tó jẹ mọ́ kòrónà ń gbà wọ ilẹ̀ wọn. Oṣù kejìlá ni ìròyìn náà jáde. Pẹ̀lú gbogbo owó àti ènìyàn tí wọ́n ní, ìwọ̀nba ọjà ni wọ́n mú: ohun èlò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ̀ dáàbò bo ara wọn, ẹ̀rọ ìwòsàn, oògùn, ọṣẹ àti ohun ìfọwọ́. Bí Amẹ́ríkà bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ló dé tí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní ju mọ́tò kan lọ fẹ́ wádìí ọgọ́rùn-ún ọjà?

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìbéèrè yín sójú ewé kìíní, kí ó má ju èyí lọ: níbo ni ẹrù yìí ti dúró, ta ló dá a dúró, fún wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó, ta ló sì sanwó ìdúró náà? Ìbéèrè tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Mo ti rí ìwé ìbéèrè tó ń bi ìyá aláta ní ìpele ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ àti iye yàrá ilé rẹ̀ kó tó dé orí ọ̀rọ̀ ata. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé orí ata, oníbàárà mẹ́ta ti yà kọjá lọ, inú ìyá náà ti bàjẹ́, ohun tó bá sì sọ lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ṣáà lè kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni.

2. Ẹ ṣe kàlẹ́ńdà ìṣẹ̀lẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde

Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fo orí yìí. Ẹ fa ìlà kan sórí ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ to ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àrùn fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà múlẹ̀ ní Èkó. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni Ààrẹ Buhari bá ará ìlú sọ̀rọ̀, láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 sì ni kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá; ti Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ni wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni Ààrẹ kéde ti Kánò. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò là títí di ọjọ́ 1 oṣù keje.

Bí kàlẹ́ńdà yín bá parí síbẹ̀, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ wo ohun tó tún wà lórí ìlà kan náà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀, ìrẹsì àti àwọn oúnjẹ mìíràn tó ń gba Ṣèmè wọlé ti dín kù kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kòrónà. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí mẹ́rin nínú wọn. Ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2020 ni owó orí ọjà, èyí tí wọ́n ń pè ní VAT, kúrò ní ìdá 5 bọ́ sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹta, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lágbàáyé, dọ́là kan tí ìjọba ń ṣírò sí bíi 306 náírà sì di 360. Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ni ààwẹ̀ Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ ohun tí ààwẹ̀ ń ṣe sí owó tòmátì, ọsàn àti ṣúgà. Oṣù kẹwàá ni ìwọ́de EndSARS. Ní oṣù kejì ọdún 2021, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, nígbà tó sì máa fi di ìparí oṣù náà, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya ti ní àwọn kò kó ẹrù wá sí gúúsù mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ló gbà kí wọ́n tó tú u.

Ẹ wá fi ìṣirò Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, lé e lórí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ ti wà ní 14.67 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó jẹ́ 14.98. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún 2020, ó ti di 19.56. Ohun tí èyí ń sọ ni pé oúnjẹ ti ń wọ́n kí àrùn tó dé, ó sì ń wọ́n lọ lẹ́yìn tí ọ̀nà ti là. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ẹ kò bá ní ìlà yìí níwájú yín, gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́jà bá sọ ni ẹ máa kọ sí ọrùn kòrónà.

Ẹ kọ ti òkè òkun náà sí i. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Ṣáínà ti ìlú Wuhan pa. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Íńdíà ní kí àwọn oníṣòwò rẹ̀ má kó oríṣi oògùn àti èròjà oògùn 26 jáde láìgbàṣẹ, parasítámọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ó tó tú púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Nàìjíríà tó jẹ́ pé òkèèrè ni bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn rẹ̀ ti ń wá kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò kan òun.

Àhesọ náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà Ẹ̀bólà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ ti di ohun tí gbogbo ilé ń wá, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ iyọ̀ kankan tó há níbì kankan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2020, Trump sọ̀rọ̀ kulorokúìnì, oògùn ibà, ní Amẹ́ríkà bí ohun tó lè wo kòrónà, kò sì pẹ́ tí oògùn náà di ọ̀wọ́n ní kẹ́míìsì Èkó, tí àwọn kan sì ti lò ó ní àlòjù dé ilé ìwòsàn. Bí ọjà kan bá dédé wọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà.

3. Ẹ ya ọ̀nà ẹrù náà láti ọwọ́ dé ọwọ́

Ẹ mú tòmátì. Àgbẹ̀ kan ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò, ká a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Alágbàtà rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn alábàárù gbé e sórí ọkọ̀. Ọkọ̀ gba Kàdúná, ó gba Tegina àti Mokwa, ó kọjá afárá Jebba, ó wọ Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn, kó tó já sí Mile 12 l'Ékòó. Níbẹ̀, àwọn alábàárù mìíràn sọ̀ ọ́, alágbàtà mìíràn pín in, alárọ́bọ̀ kó apẹ̀rẹ̀ kan tàbí méjì sínú kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí ọjà àdúgbò, ibẹ̀ ni ìyàwó ilé ti rà á ní ìgbá kékeré.

Ẹ kọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Ní iwájú rẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun mẹ́rin: wákàtí tí ẹrù ń lò lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin tó dé, wákàtí tó lò lẹ́yìn tí òfin dé, owó tí ó ń ná tẹ́lẹ̀, owó tó ná nígbà náà. Fún tòmátì, ẹ fi ìkarùn-ún kún un: apẹ̀rẹ̀ mélòó nínú mẹ́wàá ló dé láì tíì jẹrà.

Ohun tí ẹ máa rí ni pé òfin máa ń dá ẹni tó wà lójú ọ̀nà sí, kí ó gbàgbé ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Lórí ìwé, ọkọ̀ oúnjẹ, oògùn àti epo lómìnira láti rìn ní 2020. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ti Kánò ń bọ̀ nílò ẹni tó máa lẹ táyà fún un ní Mokwa, mẹkáníìkì, ìyá olóúnjẹ, àti ibi tó máa sùn. Ẹ béèrè bóyá àwọn wọ̀nyẹn ṣí ìsọ̀. Ẹ béèrè nípa apẹ̀rẹ̀ òfìfo pẹ̀lú, torí ọkọ̀ tí kò bá rí ẹrù kó padà sókè máa ń gba owó lílọ àti bíbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni tòmátì. Kí ẹ sì fi aago ọ̀nà wé aago ọjà. L'Ékòó, wọ́n fún àwọn tó ń ta oúnjẹ láyè láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ọkọ̀ tó bá wọlé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó di ọjọ́ kejì, nínú oòrùn, pẹ̀lú tòmátì lẹ́yìn. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó dá ọkọ̀ yẹn dúró o. Aago ló dá a dúró.

Ti oògùn rọrùn láti yà, ó ṣòro láti tẹ̀ lé: èròjà láti Ṣáínà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn oníhóró ní Íńdíà, ọkọ̀ òkun, èbúté Apápá, ìwé NAFDAC àti ti aṣọ́bodè, ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà l'Ékòó tàbí ilé ìkóǹkansí ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́míìsì tàbí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe gbàgbé pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Apápá ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kòrónà. Ọjọ́ tí kọ́ńtéénà fi ń jókòó ní Apápá ní ọdún 2019 ni kí ẹ fi wé ti ọdún 2020, ẹ má kàn gbé ti 2020 nìkan wá.

4. Ẹ gba owó ọjà ní orí méjèèjì

Bí ẹ kò bá ráyè ṣe ju ohun kan lọ nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ gba iye tí wọ́n ń ta ọjà náà lóko tàbí níbi tó ti ń wá, kí ẹ gba iye tí wọ́n ń tà á fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Orí kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ìjọba ń gbà, ìyẹn orí ìlú, nítorí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wà.

Bí owó bá wálẹ̀ lóko tó sì gòkè lọ́jà, àárín ni ọ̀ràn wà: ọkọ̀, ojú ọ̀nà, ọlọ́pàá, aago ọjà, tàbí alágbàtà tó rí àyè jẹ. Ẹ lọ wá a lórí ìlà tí ẹ yà ní ìgbésẹ̀ kẹta. Bí ó bá gòkè ní orí méjèèjì, orísun ni kí ẹ wò: òjò, ajílẹ̀ tí kò dé, ogun àti ìjínigbé tó lé àgbẹ̀ kúrò lóko, owó dọ́là, tàbí orílẹ̀-èdè kan tó ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá wálẹ̀ ní orí méjèèjì, ẹni tó ń rà ni kò sí mọ́ tàbí tí kò lówó lọ́wọ́, bó ṣe rí fún ẹyin yẹn. Ìgbà tó bá jẹ́ pé oko kò yí padà, àwọn ìlú tó yí i ká kò yí padà, ọjà kan ṣoṣo ló fò sókè, ẹ lọ bá Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ibẹ̀ jókòó, kí ẹ sì fara balẹ̀ wo ilé ìkẹ́rùsí.

Ṣùgbọ́n iye owó kò wúlò bí ẹ kò bá mọ ìwọ̀n. Kóńgò Ìbàdàn àti ti Èkó kò fi dandan dọ́gba, dẹ́ríkà kì í ṣe kóńgò, ìyá kan sì lè ní kóńgò méjì, èyí tó fi ń rà àti èyí tó fi ń tà. Àwọn kan ti lu ìdí tiwọn wọnú. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré dání. Ẹ ra gàrí kóńgò kan lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí wọn kò jókòó tira wọn, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ṣírò iye tí kílò kan jẹ́. Nígbà ọ̀wọ́n, iye owó máa ń dúró sójú kan, ohun tí wọ́n ń tà ló máa ń kéré sí i. Ata rodo tí wọ́n ń kó márùn-ún jọ fún igba náírà máa di mẹ́ta, igba náírà ò kúrò ní igba náírà. Ẹni tó bá kọ "igba náírà" sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ní ọ̀sẹ̀ kẹrin máa jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ rà á, ẹ má kàn béèrè. Ẹni tó bá so káàdì ìjọba mọ́rùn, tó ń bi ìyá aláta ní "Ẹ kú ọjà mà, èló ni?", iye tí wọ́n ń sọ fún ìjọba ni wọ́n máa sọ fún un. Ẹ fi àpò rajà dání, ẹ ná ọjà bí ẹni tó fẹ́ rà, kí ẹ sanwó. Iye tí ẹ san yẹn ni kí ẹ kọ. Kí ẹ lọ ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ní aago kan náà, nítorí tòmátì òwúrọ̀ àti tòmátì ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọjà kan náà. Owó ìrajà yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, àwọn ọmọọṣẹ́ máa jókòó sábẹ́ igi kọ ọ́ láti orí.

5. Ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ

Ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ lọ bá wọn ní gáréèjì tírélà nígbà tí wọ́n ń sinmi, ẹ má dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ti pàdé ẹni tó ń dá wọn dúró tó. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ ṣèlérí pé ẹ kò ní kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ sì pa àdéhùn náà mọ́. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò fi èyí sílẹ̀ fún oore ọwọ́ yín nìkan.

Ẹ má bi awakọ̀ bóyá ó fún ọlọ́pàá ní rìbá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa dáhùn, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ ní kí ó ka owó tó ná lójú ọ̀nà fún yín: dísẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, táyà, àwọn ọmọ ìta, "àwọn ará títì". Owó "àwọn ará títì" máa jáde wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́, Jebba ní èló, Ìlọrin ní èló. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kí wọ́n lè jíhìn fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ìwé yẹn dára ju ìwé ìbéèrè èyíkéyìí lọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ya fọ́tò ojú ewé láìmú orúkọ.

Ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe àsọdùn. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà, NHRC, jáde sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2020 pé nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé, ènìyàn 18 ló ti bá ọwọ́ àwọn agbófinró lọ. Awakọ̀ tó bá ní òun yàn láti jókòó sílé ju kí òun gbé iṣu lọ sí Èkó ti dá yín lóhùn lórí ibi tí iṣu há sí.

Nípa fóònù, NBS ti fi ọ̀nà hàn. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé, wọ́n pe agbo ilé 1,950 láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ọdún 2020, wọ́n sì ń pè wọ́n lóṣooṣù lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn tó dé ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ lásìkò náà nítorí ọ̀rọ̀ kòrónà. Ìṣirò yẹn ló ń sọ fún wa ìdí tí ẹyin fi lè pọ̀ kí ebi sì máa pa ènìyàn. Àléébù tó wà nínú rẹ̀ ni pé agbo ilé lè sọ pé oúnjẹ kò dé, kò lè sọ ibi tó jókòó sí. Ẹ lo fóònù fún agbo ilé, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀nà ẹrù.

6. Ìwé ìjọba

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ̀wé sí aṣọ́bodè, sí àwọn aláṣẹ èbúté, sí NAFDAC, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ìdáhùn lè pẹ́. Èyí tó wà nítòsí yín tó sì wúlò jù ni káàdì ilé ìkóǹkansí tó wà ní ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí. Ẹ wá ọjọ́ tí òǹkà rẹ̀ já sí òfo, kí ẹ wò ó sórí kàlẹ́ńdà yín.

Ọ́síjìn fi ìyàtọ̀ kan hàn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Gómìnà Sanwo-Olu sọ pé sílíńdà tí ilé ìwòsàn Yaba ń lò ti kúrò ní 70 lójúmọ́ bọ́ sí 350. Ọ̀nà ọ́síjìn lè má bàjẹ́ rárá, kí ohun tí wọ́n ń béèrè fi ìlọ́po márùn-ún ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe tirẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe ojú ọ̀nà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ́síjìn àti sílíńdà òfìfo tó tó ni.

Kí ẹ má sì yọ ìjọba fúnra rẹ̀ kúrò lórí ìlà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí Mazamaza l'Ékòó, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà nínú rẹ̀, èyí tí àjọṣe àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, CACOVID, pèsè. Ó jù oṣù márùn-ún lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kónílé-ó-gbélé. Ohun yòówù kí àwọn aláṣẹ sọ pé ó fà á, ẹrù tó wà nílé ìkẹ́rùsí ìjọba nígbà tí ebi ń pa ará ìlú jẹ́ ẹrù tó há. Ọ̀gá yín lè má fẹ́ràn orí ìwé yìí. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi ọjọ́ àti iye sí i, kí ẹ má fi èébú sí i.

7. Ẹ wá ìlú tí ẹ máa fi wéra

Kí ẹ tó sọ pé òfin kan ló fa nǹkan, ẹ wá ibi tí òfin náà kò dé. Nígbà tí Èkó àti Ògùn wà lábẹ́ kónílé-ó-gbélé tọ̀sán tòru, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Ti alẹ́ ni Gómìnà Makinde fi lélẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni tòmátì ń gbà dé ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn àti Mile 12, dọ́là kan náà ni, ààwẹ̀ kan náà ni. Bí owó bá fò ní ìlú méjèèjì bákan náà, kónílé-ó-gbélé Èkó kọ́ ni ẹ máa dá lẹ́bi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè Ìbàdàn ni. Bí ti Èkó nìkan bá fò, ẹ wo àárín Ìbàdàn sí Mile 12. Bákan náà, oṣù kẹrin ọdún 2019 ni kí ẹ fi wé oṣù kẹrin ọdún 2020. Ẹni tó bá fi oṣù kẹrin wé oṣù kìíní ti pa ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò pọ̀ mọ́ àrùn.

8. Kíkọ ìròyìn

Ẹ kọ ọ́ ní kúkúrú, kí ẹ tètè gbé e jáde. Ojú ewé méjì lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná sàn ju ìwé ńlá tó jáde lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti tán. Fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó há, ẹni tó lágbára láti tú u, àti ohun tí ẹni náà lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. "Kí ìjọba mú ọ̀nà dára" kì í ṣe àbá. "Kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá àti alága ìgbìmọ̀ ọjà fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo fún ọkọ̀ oúnjẹ, kí ọjà sì ṣí láti aago mẹ́fà òwúrọ̀" jẹ́ àbá. Ní 2020, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kí oúnjẹ àti ohun èlò àgbẹ̀ lè máa rìn. Bí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ padà béèrè bóyá wọ́n gbà á ní ibùdó àyẹ̀wò. Ìyẹn ni ẹ fi máa mọ̀ bóyá àbá yín ṣiṣẹ́.

Kó tó lọ sí ọ́fíìsì gómìnà, ẹ ka ìròyìn náà ní Yorùbá sétí Ìyálọ́jà, Bàbálọ́jà àti àwọn awakọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ní "irọ́ nìyẹn", ẹ béèrè ibi tó ti yà, kí ẹ tún un wò. Àwọn ará Òkè Ọya tó wà lọ́jà náà ńkọ́? Ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún wọn, nítorí ìdajì ọ̀nà yẹn ọwọ́ wọn ló wà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù, síbi tó lábò, lọ́tọ̀ sí àwọn ìdáhùn tẹ́ ẹ gbà. Ohun tó jẹ́ kí NBS lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe ènìyàn ní oṣù kẹrin ọdún 2020 ni pé wọ́n ti ní nọ́ńbà àwọn agbo ilé náà lọ́wọ́ láti ìwádìí 2018 sí 2019. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún alágbàtà, awakọ̀, kẹ́míìsì àti alárọ́bọ̀ tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta nígbà tí kò sí àrùn kankan, kí ẹ bi wọ́n ní èló ni ọjà, kí ẹ fi káàdì ìpè díẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń pààrọ̀ sím, ẹni tí ẹ kò bá pè fún ọdún kan, ẹ lè má rí i mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.